Ẹ̀sùn lórí Ẹran Ara tí Wọ́n Gé tí Wọn Kò Yẹ̀ Wò ní Ilé Ìwòsàn Ìlera Dọ̀tun

Ṣọ́ọ̀bù Ìdíríìsì,
Ẹ̀yìn Ọjà Ńlá,
Atakpamé,
Tógò.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé Ìwòsàn Ìlera Dọ̀tun,
Atakpamé.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌTỌ́JÚ BÀRÁKÁTÙ ÀBDÙLMÙMÍN, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁA FI GBOGBO ẸRAN TÍ Ẹ BÁ GÉ LÁRA ALÁÌSÀN RÁNṢẸ́ FÚN ÀYẸ̀WÒ

1. Orúkọ mi ni Àbdùlmùmín Ìdíríìsì. Abọ́, ìkòkò àti ike ni mò ń tà lẹ́yìn ọjà ńlá Atakpamé, ní ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Yorùbá tó kọ́ ilé ìwòsàn yìí, mo sì wà lára àwọn tó ru búlọ́ọ̀kù nígbà tí a ń mọ ògiri yàrá ìgbẹ̀bí. Ẹ má ṣe ka lẹ́tà yìí sí ti ọ̀tá. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ nítorí pé òun ni ìgbìmọ̀ fi ń ṣèpàdé. Ẹ̀dà rẹ̀ lédè Faransé wà lẹ́yìn rẹ̀ fún àwọn dókítà.

2. Ọ̀rọ̀ náà kan Bàrákátù, ọmọ mi kejì, tó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógún báyìí. Mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, ó sì ti kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, "ọmọ mi obìnrin" ni mo pè é káàkiri. Òun ló fagi lé e, tó fi orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Ó tún ní kí n pe ọrùn ilé-ọmọ ní ọrùn ilé-ọmọ, kí n yé sọ pé "ìsàlẹ̀ ikùn". Mo ṣe bó ṣe wí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà nínú ìwé yìí tí kò yẹ kí bàbá kọ nípa ọmọ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ̀ pé òun ló fún mi láṣẹ.

3. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, Bàrákátù wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ń múra ìdánwò báákì tó ń gbé ọmọ wọ yunifásítì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí kì í ṣe àkókò rẹ̀. Ó sọ fún ìyá rẹ̀, Ràhímátù, ìyàwó mi. Àwọn méjèèjì rò pé àníyàn ìdánwò ni. Lẹ́yìn náà, ẹran kékeré kan yọ jáde láti ojú ara rẹ̀. Ẹran náà rọ̀, ó ń dán, ó sì so pọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹyin ẹja. Ìyá rẹ̀ mú un wá sọ́dọ̀ yín ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

4. Agbẹ̀bí àgbà, Ìyáàfin Pauline, ló gbà wọ́n. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àwọn èèyàn sì jókòó sórí àga gbọọrọ níta. Ó béèrè ìgbà tí Bàrákátù lóyún. Bàrákátù dáhùn pé òun kò tíì mọ ọkùnrin rí. Ìyáàfin Pauline wò ó, ó ní, "Ẹran oyún tó ṣẹ́kù nìyí. Kò sí èyí tó ń ṣẹ́yún nínú yín tó máa ń jẹ́wọ́." Gbogbo àwọn tó wà níta gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá oyún wà níbẹ̀ rí.

5. Dókítà Gérard gé ẹran náà kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò. Ìyàwó mi béèrè ibi tí wọ́n gbé ẹran náà sí. Ìyáàfin Pauline dá a lóhùn pé, "Ṣé ẹ fẹ́ gbé e lọ sílé ni?" Ẹran náà ti bá òwú ẹlẹ́jẹ̀ lọ sínú ihò tí ẹ ti ń sun ìdọ̀tí. Èyí ni ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́, òun náà sì ni ó wúwo jù. Bí wọ́n bá ti yẹ ẹran yẹn wò, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo máa kọ sísàlẹ̀ yìí kì bá tí ṣẹlẹ̀.

6. Ọ̀rọ̀ agbẹ̀bí náà dé ọjà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. N kò ní kọ gbogbo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ìyàwó mi dẹ́kun lílọ sí àsálátù àwọn obìnrin. Bàrákátù kó ẹní rẹ̀ kúrò ní yàrá tí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ jọ ń sùn, ó lọ ń sùn ní yàrá tí a ń kó ọjà pamọ́ sí, láàárín àwọn ike. Kò sunkún lójú mi. Ó kàn ń kàwé.

7. Ẹran náà tún hù, ó sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀ nínú kíláàsì. Aurélie, ọmọ Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò kan láti Datcha tí wọ́n jọ ń kàwé, tú ìró ara rẹ̀, ó wé e mọ́ Bàrákátù nídìí, ó sì gbé e wá sí ilé ìwòsàn yín. Ìgbà tí mo débẹ̀, Dókítà Gérard sọ fún mi pé jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ ni, pé òun máa yọ ilé-ọmọ náà pátápátá lọ́jọ́ kejì. Ó gbé ìwé wá kí n fọwọ́ sí i.

8. Mo bi í pé, "Dókítà, ṣé ẹnì kan ti yẹ ẹran náà wò?" Ó ní, "Mo ti fojú ara mi rí i. Mo ti rí irú rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ obìnrin." Mo bi í bóyá àwọn obìnrin náà jẹ́ ọmọdé bíi tirẹ̀. Ó ní rárá, àgbà ni wọ́n. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gé díẹ̀ níbẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sí Lomé ná. Ó ní ìdúró ló ń pa èèyàn nínú irú àìsàn yìí. Kí n sọ òtítọ́, kò fi ìbínú sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà á nítorí ọmọ náà, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fẹ́ yọ ilé-ọmọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi bí wọ́n ṣe mọ ohun tó ń ṣe é. N kò fọwọ́ sí i. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kọ ìtọ́jú, wọ́n sì ní ká máa lọ. Ẹ̀jẹ̀ kò tíì dá nígbà tí a jáde.

9. Ọkọ̀ èrò ló gbé wa gba Notsé lọ sí Lomé, Bàrákátù gbé orí lé itan ìyá rẹ̀ jálẹ̀ ọ̀nà. Ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀, dókítà àwọn obìnrin kan, Dókítà Sabrina, fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn náà, ó gé díẹ̀ nínú ẹran náà, ó fi í sínú igo tí omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́ wà nínú rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí dókítà tó ń fi awò amúǹkantóbi wo ẹran ara. Dókítà kejì yìí wò ó, ó ní ohun tí òun rí kò jọ èyí tó wọ́pọ̀, pé òun kò ní í dárúkọ rẹ̀ títí wọ́n á fi pa á láró lọ́nà àkànṣe. Wọn kò ní irú aró bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi lára rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun. A dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdúró yẹn nira, ṣùgbọ́n wọn kò fi wá sílẹ̀ láìsọ ohun tí a ń dúró dè.

10. Nígbà tí èsì dé, Dókítà Sabrina pe àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ṣàlàyé. Mo kọ ohun tó sọ síbí nítorí pé mo gbà pé ó yẹ kí ìgbìmọ̀ mọ̀ ọ́n. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ tó wọ́pọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara awọ tó bo ibẹ̀. Kòkòrò kan tí ọkùnrin àti obìnrin ń kó ran ara wọn ló ń fà á, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ọtí kíkan yẹ àwọn obìnrin wò, tí wọ́n sì ń fún àwọn ọmọbìnrin lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Jẹjẹrẹ ni ti Bàrákátù náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn. Inú ẹran tó yẹ kó dàgbà di iṣan ló ti hù. Àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló sábà máa ń mú. Kò ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin wá, kò ti inú oyún wá, kò sì ti inú oyún ṣíṣẹ́ wá. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, orúkọ Faransé gígùn kan, rabudomiosakóòmù. Bàrákátù nìkan ló lè pè é tán.

11. Mo béèrè bó ṣe jẹ́ tí dókítà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò fi mọ̀ ọ́n. Ó ní òun náà kì bá mọ̀ ọ́n tó bá jẹ́ ojú lásán lòun fi wò ó. Dókítà tó fi awò wò ó kò tíì rí ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ ṣáájú tiwa ní gbogbo ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́. Ó ní oríṣi kókó mìíràn tó ṣọ̀wọ́n tún máa ń hù sí ọrùn ilé-ọmọ: òmíràn wà tó máa ń tètè bá ẹ̀jẹ̀ rìn kiri ara nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì kéré, òmíràn sì wà tó jẹ́ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, tó jẹ́ pé oògùn ló ń tú u ká, tí ọ̀bẹ kò wúlò fún un. Gbogbo wọn lè jọra lójú. Ìtọ́jú wọn ló yàtọ̀. Tí wọ́n bá ti yọ ilé-ọmọ Bàrákátù ní Atakpamé, oògùn ni ì bá ṣì nílò lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì bá sì fún un, nítorí wọn kì bá mọ̀ pé ó nílò rẹ̀.

12. Wọ́n ya àwòrán àyà àti inú rẹ̀, wọn kò rí i pé ó ti tàn káàkiri. Oríṣiríṣi dókítà jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Oògùn jẹjẹrẹ tí a ń pè ní ṣímíò níbí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fà á sí i lára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kókó náà súnkì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré, wọ́n gé ohun tó kù pẹ̀lú apá kan ọrùn ilé-ọmọ, wọ́n sì fi ilé-ọmọ sílẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Bàrákátù bi Dókítà Sabrina bóyá òun á lè bímọ lọ́jọ́ iwájú. Ó dáhùn pé, "Ó ṣeé ṣe. Mi ò lè ṣèlérí fún ẹ." Bàrákátù sọ fún mi nínú ọkọ̀ pé ìdáhùn yẹn tẹ́ òun lọ́rùn ju gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ti sọ fún òun lọ.

13. Ẹ̀sùn mi kejì jẹ mọ́ àkókò tó ń gba oògùn yìí lọ́wọ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa ní Lomé pé oògùn náà máa ń pa àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, pé tí ara rẹ̀ bá gbóná, ká má ṣe sùn lé e, ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ wa jù kí wọ́n tètè fa oògùn sí i lára. Wọ́n fún un ní káàdì tó ṣàlàyé èyí. Lọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ gbóná. A gbé e wá sọ́dọ̀ yín. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wo orúkọ rẹ̀, ó ní ẹni tó ti kọ ìtọ́jú rí ni, pé àwọn kò lè gbà á láìjẹ́ pé Dókítà Gérard fọwọ́ sí i, Dókítà Gérard sì ti rìnrìn àjò. A jókòó sábẹ́ igi nínú ọgbà yín láti àárọ̀ títí mo fi kírun ọ̀sán níbẹ̀. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ìyá rẹ̀ ń fi omi tẹ́ ẹ lórí, níbi tí irun kò sí mọ́.

14. Dókítà Christophe, ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́dọ̀ yín nígbà náà, ló ń kọjá lọ tó rí wa. Ó gba káàdì náà, ó kà á lórí ìdúró, ó sì gbé Bàrákátù wọlé. Ó ti fa oògùn sí i lára kó tó wá ẹni tó máa fún un láṣẹ lọ. Mo fẹ́ kí ó wà nínú àkọsílẹ̀ yín pé lẹ́yìn Ọlọ́run, òun ló jẹ́ kí ọmọ mi rí ọjọ́ kejì. Mo gbọ́ pé ẹ kọ̀wé sí i pé kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀ nítorí èyí. Tó bá jẹ́ òótọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ fa ìwé náà ya.

15. Bàrákátù kò lè ṣe báákì lọ́dún náà. Ó ṣe é ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó yege, ó sì wà ní yunifásítì Lomé báyìí. Irun rẹ̀ ti hù. Ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò déédéé, kókó náà kò sì tíì padà. Wọ́n ní ká má ṣe sọ pé ó ti tán títí ọdún díẹ̀ sí i, nítorí náà, a kì í sọ ọ́.

16. Ó yẹ kí n kọ èyí náà. Nígbà òjò tó kọjá, Dókítà Gérard wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. N kò ránṣẹ́ pè é. Ó jókòó sórí agbada tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì sọ fún mi pé òun ti lọ kà nípa àìsàn náà láti ìgbà tí ìròyìn ti dé láti Lomé. Ó ní, "Bàbá Bàrákátù, ká ní ẹ fọwọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn, títí dòní ni ǹ bá ṣì máa rò pé mo gba ọmọ yín là." Mo fún un lómi, ó mu ún. Ó ní ilé ìwòsàn kò ní igo, kò ní omi oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran, kò sì ní ìlànà kankan tí wọ́n lè fi gbé ẹran lọ fún àyẹ̀wò ní Lomé. Pé òun ti béèrè fún un lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, òun kò tíì rí èsì. Láti ọjọ́ náà, n kò ní ẹ̀sùn kankan mọ́ sí i. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ni mo wá ń kọ̀wé sí.

17. Ohun tí mo ń béèrè nìyí. N kò béèrè owó, n kò sì ní kí ẹ lé ẹnikẹ́ni kúrò níṣẹ́.

Kí ẹ pa á láṣẹ pé ẹran kankan tí wọ́n bá gé lára aláìsàn kò gbọdọ̀ lọ sínú iná láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, bó ti wù kó kéré tó, bó ti wù kó dá dókítà lójú tó.

Kí wọ́n má ṣe yọ ilé-ọmọ ẹnikẹ́ni nítorí jẹjẹrẹ tí wọ́n kàn fura sí kí èsì àyẹ̀wò tó dé, àfi tí ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ pa á lọ́jọ́ náà. Tí èsì bá sì fi hàn pé oríṣi tó ṣọ̀wọ́n ni, kí ẹ fi aláìsàn náà lé àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ sì máa bá wọn tọ́jú rẹ̀ níbí nígbà tó bá padà wálé.

Kí ẹnikẹ́ni tó bá gbé káàdì ṣímíò dání tí ara rẹ̀ gbóná kọ́kọ́ wọlé, kí ìbéèrè tó tẹ̀ lé e, ìbáà jẹ́ ẹni tó ti kọ ìtọ́jú rí.

Ní ti Ìyáàfin Pauline, ohun tí Bàrákátù ní kí n kọ ni mo kọ. Kò fẹ́ kó wá bẹ òun. Ó fẹ́ kí ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí i pé ohun tó sọ kì í ṣe òótọ́, kí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà sì máa ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó bi obìnrin kankan ní ìbéèrè nípa ara rẹ̀.

18. Ẹ lè béèrè ìdí tí mo fi dúró fún ọdún méjì, tí n kò sì lè dúró di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Àná ni Sàlísù, oníbàárà mi tó ń ra abọ́ lọ tà ní ọjà Moretan, wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìyàwó òun, Sàlímọ́tù, tó ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá tipẹ́, ṣàdédé tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ yín, wọ́n gé ẹran kan kúrò ní ọrùn ilé-ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé yìí, ẹ̀jẹ̀ náà dá, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Mo bi Sàlísù pé níbo ni ẹran náà wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí lòun fẹ́ fi ṣe.

19. Mo lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sàn-án àná. Ẹran náà wà. Dókítà Gérard lo ọgbọ́n, ó ra omi oògùn náà fúnra rẹ̀, ó fi ẹran náà sínú igo kékeré kan, ó kọ orúkọ Sàlímọ́tù sí i lára, ó sì gbé e sójú fèrèsé yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó sọ fún mi pé òun kò lè fi ránṣẹ́ láìsí àṣẹ ìgbìmọ̀, pé èsì yín ti dé láti ìgbà tí òun wá bá mi, ẹ sì kọ̀ fún òun. Ọkọ̀ yín ń lọ sí Lomé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ láti lọ kó oògùn.

20. N kò sọ pé irú àìsàn ọmọ mi ló ń ṣe obìnrin yìí. Ó lè jẹ́ ohun tí kò ní wàhálà nínú. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀, ó sì lè jẹ́ èyí tó ṣọ̀wọ́n. Èmi kò mọ̀, Dókítà Gérard kò mọ̀, Sàlímọ́tù fúnra rẹ̀ tó ti padà sí Moretan, tó sì ti ń gbálẹ̀ tó ń se oúnjẹ, kò mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún ọkọ̀ náà láṣẹ kó gbé igo yẹn lọ.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á dé ibí. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ tí ẹ bá fẹ́ bi mí ní ohunkóhun.

Ẹ ṣeun.

Èmi ni tiyín ní òtítọ́,

Àbdùlmùmín Ìdíríìsì,
Oníṣòwò abọ́ àti ìkòkò, bàbá Bàrákátù.